Ẹni Tó Ni Kànga Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí

Ẹ jẹ́ kí n rọra bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kànga náà, nítorí òun ló kó wa dé gbogbo ibi tí a dé. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa kékeré ní Nkwelle Ezunaka ló wà, níbi tí àwa Yorùbá tó ń ṣòwò ní Onitsha ti ń kírun. Àlájà Bílíkísù, tó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà, ló gbẹ́ ẹ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó fi ṣe sàráà fún ọkọ rẹ̀ tó kú, Àlàájì Ràhmán, bàbá Súlìyát ọmọ wọn. Ẹni tó bá bu omi ibẹ̀ mu, tàbí tó fi ṣe àlùwàlá, ẹ̀san rẹ̀ ń bá olóògbé lọ́hùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí Àlájà kì í fi í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní kànga òun. Èmi Àkànní, tí mo ń ránṣọ lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Télọ̀," ló dá mi lóhùn, "ṣé o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òkú ni? Kànga Ọlọ́run ni."

Ìrẹsì rẹ̀ dùn ju kí èèyàn bá a jà lọ.

Wàyí o, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lápá òkè wa tó ń tú èéfín. Lọ́dún tó kọjá ni ìjọba gbé òfin kan jáde. Ilé iṣẹ́ tó bá gbà láti mú gáàsì inú èéfín rẹ̀ kó tó jáde, tó sì fi páìpù rì í mọ́ inú àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀ pátápátá, ìjọba á dín owó orí rẹ̀ kù, á sì bá a gbé lára ìnáwó. Wọ́n ní gáàsì náà wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná, tó ń da àsìkò òjò rú. Àmọ́ apá kan wà nínú òfin náà tó kan àwa gan-an: wọn ò gbọdọ̀ rì nǹkan kan mọ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ yẹ omi gbogbo kànga agbègbè wò, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún fún ogún ọdún. Èyí tó bá bàjẹ́, ilé iṣẹ́ náà ni yóò wá omi mìíràn fún àwọn tó ń mu ún.

Ilé iṣẹ́ òkè wa yìí gbà. Báyìí ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Ogechi ṣe gbé ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ kànga sí dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Igbo ló sọ, Àlájà tó ti pẹ́ nílùú sì ń dá a lóhùn geere.

"Mama, ta ló ni kànga yìí?"

"Ọlọ́run ni."

Ogechi wo ojú mi, ó wo ti Àlájà. "Mama, biko, ẹ jọ̀ọ́, Ọlọ́run ò lè fọwọ́ síwèé. Ẹ dárúkọ èèyàn."

"Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo fẹ́ dárúkọ. Mu omi, ọmọ mi. Oòrùn yìí pọ̀."

Ó mu ife kan, ó mu ìkejì, ó jẹ ìrẹsì lé e, ó sì lọ. Àwa rò pé ó ti tán.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Mama Ebuka, aládùúgbò wa, sáré wọlé. "Alhaja! Wọ́n ti lẹ orúkọ kànga mọ́ ara gbọ̀ngàn ìlú. Mọ́kànlélógójì ni. Kànga tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lẹ́yìn ilé wa pàápàá wà níbẹ̀. Tìrẹ ò sí!"

"Kì í ṣe tèmi."

"Ehen! Ohun tó fà á gan-an nìyẹn!"

Ó ní aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa pa ìwé náà dé. Àlájà jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀.

"Àkànní, tí omi yẹn bá bàjẹ́, tí kò sí nínú ìwé, ta ló máa mọ̀? Àwọn ọmọ á ṣáà máa mu ún ni. Sàráà bàbá Súlìyát á wá di májèlé."

"Ẹ kúkú fọwọ́ sí i pé tiyín ni, Àlájà."

"Kí n gba ohun tí mo ti fún Ọlọ́run padà? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọkọ mi lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀?"

Bí a ṣe kí Jímọ̀ tán, Àlájà ní kí n pe kẹ̀kẹ́. Kò sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ìlú, Ogechi ti ń ká ìwé rẹ̀ jọ. Àlájà tú okùn kan lọ́rùn, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì.

"Ọmọ mi, mi ò lè parọ́ pé tèmi ni. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ìdérí rẹ̀ nìyí. Èmi ni mo ń ṣí i kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, èmi ni mo ń pààrọ̀ okùn ìfami. Tí ìyẹn ò bá tó, sọ fún mi, kí n máa lọ."

Ogechi wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. Ó yí fọ́ọ̀mù padà sẹ́yìn, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan.

"Ẹni tó ń tọ́jú kànga. Òfin gbà á. Kò tíì sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, gbogbo èèyàn ló ń pariwo tèmi ni, tèmi ni. Èmi ló yẹ kí n ti bi yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú, Mama."

Àlájà ò mọ ABD, kéú nìkan ló kà. Ó gba bírò, ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀, láti apá ọ̀tún wá sí òsì.

"Mama, ẹ̀yìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀!"

"Iwájú tèmi nìyẹn."

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi wá bu omi sínú ìgò, tí wọ́n sì kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ara kànga: kejìlélógójì. Nígbà tí èsì dé, Ogechi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Èmi ni mo kà á fún Àlájà. Omi náà mọ́, ó dára fún mímu. Ẹni tó ni kànga: Ọlọ́run. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: Bílíkísù Ràhmán.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n kà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mama Ebuka, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló fa omi tútù, ó bu ife kan kún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ogechi.

"Gbà, ọmọ mi. Bàbá Súlìyát ló ń ṣe ọ́ lálejò."