Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Mùkáílà

Ó ti rẹ̀ mí débi pé n kò lè sunkún mọ́. Mùkáílà ọkọ mi, káfíńtà tó ń kan àga ní Kugbo ní Àbújá, ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù. Ibà ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, kò sì tọ̀ mọ́. Dókítà Bámiṣayọ̀ ṣàlàyé fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń fọ̀ dànù. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ láti wọn ìdọ̀tí náà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń wálẹ̀, ọkọ mi á yè. Bó bá ń lọ sókè, ká yáa máa gbàdúrà. Sókè ló ń lọ.

Ilé àyẹ̀wò ọsibítù náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbújá tuntun, gbogbo nǹkan ló ń bọ̀ lọ́nà, kò sí èyí tó tíì dé. Nítorí náà, ará ilé aláìsàn ló ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn nísàlẹ̀ títì. Màámi, ìyá ọkọ mi, kò jẹ́ kí n gbé e rí. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni," ló máa ń wí, bí ẹni pé àlejò ni mo jẹ́ fún ọkùnrin tí mo bímọ mẹ́ta fún. Mo fi í sílẹ̀. Agbára ni wọ́n fi ń jà, èmi ò sì ní in mọ́.

Lọ́jọ́ Àtàláátà kan, dókítà jáde sí wa. Nọ́ńbà ti wálẹ̀! Ó wálẹ̀ bíi ti ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yé òun alára, ṣùgbọ́n aláìsàn mìíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò sì gbé Mùkáílà lọ sí wọ́ọ̀dù gbogbogbò lọ́sàn-án yẹn. Mo foríbalẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú mi dùn gan-an.

Màámi, tó ń ṣe alihamudulilahi bó bá sín lásán, kàn ń fi ìborùn bo apá rẹ̀ ni. Mo ṣí i. Òwú wà níbi tí wọ́n ti máa ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá.

"Màámi, kí lẹ ṣe?"

"Mo ṣubú lójú ọ̀nà, ìyàwó mi. Ìgò fọ́. Apá ọmọ mi ti lu bí ajere, mi ò lè ní kí wọ́n tún gún un. Mo yà sọ́dọ̀ ọmọ Ìlọrin tó ni kẹ́místì, ó fa tèmi sínú ìgò mìíràn. Mo bó pílásítà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára èyí tó fọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà ni? Ta ló fún un ní tirẹ̀?"

Ayọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ korò bíi jogbo lẹ́nu mi. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Bí mo bá dákẹ́, ọkọ mi á kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á ti ìyá rẹ̀. Kí ni mo tún ń rò? Mo fà á lọ́wọ́ lọ bá dókítà.

Wọ́n dá Mùkáílà dúró sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n tún gún un. Èmi ni mo gbé ìgò yẹn lọ. Nọ́ńbà náà ga ju ti àná lọ.

Dókítà ní ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí nítòsí, Mùkáílà kò sì lè fara da ìrìn àjò. Màámi gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tèmi yẹn dára?"

"Ó dára, Màmá. Kíndìnrín yín ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọge."

"Mélòó ni mo ní?"

"Méjì."

Ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. "Ẹ yọ ọ̀kan fún un. Ọ̀kan tó mi í lò."

Mo rò pé dókítà á rẹ́rìn-ín. Omi ló lé ròrò sí i lójú. "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

Dókítà rọra fa bùbá rẹ̀ wálẹ̀ fún un.

Mùkáílà kú kó tó di Jímọ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Màámi máa tọ́jú ara rẹ̀ nítorí àgbà ti dé, á fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Méjèèjì ṣì wà níbí," á ní. "Kò sẹ́ni tó bá mi gba ọ̀kan."