Jerome Ń Gbọ́

Mi ò lè máa wo ẹgbẹ́ wa níbi tí wọ́n ti ń jìyà kí n panu mọ́. Lọ́sàn-án Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo tan tẹlifíṣàn nílé wa ní Queens Village láti wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Jerome, agbábọ́ọ̀lù wa tuntun tí wọ́n ní kó máa ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù lọ́dún yìí, ń jù ú fún àwọn alátakò bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ.

“Jerome,” mo lọgun. Ó yíjú bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀.

Mo tún pè é. Ó tún yíjú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an ló wò. Wọ́n tún gbé e ṣánlẹ̀.

Rìnsọ́lá, ìyàwó mi, gbé oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Dádì Doyin, ẹ má pè é mọ́. Ó ń gbọ́ yín.”

“Kó máa gbọ́. Ọ̀lẹ.”

Mi ò dákẹ́ títí wọ́n fi lu ẹgbẹ́ wa bí ẹni lu bàrà. Mo fi ìbínú pa tẹlifíṣàn, mo kẹ̀yìn sí i.

“Akíntọ́lá.”

Inú tẹlifíṣàn tí mo ti pa ni ohùn náà ti wá, tìbínú-tìbínú, bí mo ṣe ń pe Jerome gẹ́lẹ́. Ìyàwó mi kì í pe orúkọ mi. Láti kékeré sì ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé tí mi ò bá rí ẹni tó pè mí, mi ò gbọ́dọ̀ dáhùn.

Kí n tó rántí, mo ti yíjú, mo sì ti ní, “Òo.”