Ìlà Kẹrin Nínú Ìwé Ìbúra

"Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn, Màámi. Ẹlòmíì ti wà nínú yàrá yẹn."

Nojeem ló sọ̀rọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Hùmúàní ìyá rẹ̀ ń kó àpò ìdọ̀họ sí, ó ń fi pákò rin ẹnu. Àwọn àpò tí Hùmúàní fi ọ̀sẹ̀ méjì tún rán, tó fẹ́ lọ tà fún àwọn onígàrí ní ọjà Kétu, ti wà nínú ẹrẹ̀ lágbàlá, òjò ti pa wọ́n.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Bartholomew, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti kó dé."

"Nínú ilé mi?"

"Ilé ta ni? Ẹ lọ wo orúkọ tó wà nínú rìsíìtì ilẹ̀."

Hùmúàní na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn síbẹ̀. Nojeem gbá ọwọ́ náà dànù, ó tì í lu ògiri, ọrùn ọwọ́ ìyá sì wú kí oòrùn tó wọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo ṣáà ti kìlọ̀ fún yín," ni ọmọ náà wí. Kì í gbàgbé láti fi "ẹ" bọlá fún ìyá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Láti ọdún tó kọjá, tí ìjọba ológun lé Nojeem àti ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni ilé tó wà ní Ìkòsì yìí ti di ẹ̀wọ̀n fún Hùmúàní. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Nojeem. Níbẹ̀rẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìró bàtà rẹ̀, ó ń tẹ́tí kó tó jáde lọ sí ilé ìwẹ̀, ọjà ló sì ti ń sunkún rẹ̀ tán kó tó wálé. Àwọn àgbà àdúgbò bá Nojeem sọ̀rọ̀ títí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, ó sì dìde bó ṣe dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Hùmúàní gun òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Kétu lọ bá lọ́yà Adéníran. Lọ́yà náà ka rìsíìtì lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, orúkọ Nojeem ló wà níbí. Ta ló ra ilẹ̀ yìí?"

"Èmi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Nojeem nígbà yẹn, bàbá rẹ̀ ti kú. Bàbá Ọláìyá tó ta ilẹ̀ fún mi bi mí pé orúkọ ta ni kí wọ́n kọ, mo ní kí wọ́n kọ ti ọmọ mi ọkùnrin. Obìnrin mélòó ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà?"

"Ọ̀pọ̀ ìyá ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé Bàbá Ọláìyá ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní àwọn á jẹ́rìí pé èmi ni mo sanwó."

"Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. A máa ní kí kóòtù sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, kí wọ́n sì fún Nojeem ní nótíìsì kó kó jáde. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìwé ìbúra yín."

Ó tẹ ìwé náà lórí ẹ̀rọ, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan, ara tu Hùmúàní.

"Ìlà kẹrin: 'Orúkọ lásán ni mo fi síbẹ̀. N kò fún Nojeem ní ilẹ̀ náà rí.' Ẹ tẹ̀ka síbí. Ní kóòtù, ẹ máa fi Kùránì búra sí i."

Hùmúàní ti ki àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Lọ́yà, mo fún un o."

"Ẹ ní kí lẹ ṣe?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, mo fà á lọ́wọ́ dé orí ilẹ̀ náà. Níṣojú Bàbá Ọláìyá, mo ní, 'Nojeem, ilé rẹ nìyí, kò sẹ́ni tó máa lé ọ níbẹ̀.' Inú mi dùn débi pé mo sunkún."

Lọ́yà tún wo ìlà náà. "Bàbá Ọláìyá lè má rántí ìyẹn mọ́. Màmá, tí mo bá yọ ìlà yìí, Nojeem lè borí wa. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n lè wá fún ní nótíìsì. Ṣé ó yé yín?"

Ó yé e. Ẹ̀rù bà á. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ pẹ̀lú, sí obìnrin tó ń fi ayọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ yẹn tí kò mọ irú ẹni tí ọmọ náà máa dà. Ó wù ú kó tẹ̀ka, kó lọ sùn láìfi àga ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kò lè fi Kùránì búra èké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé mo fún un. Ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ó tì mí lu ògiri, pé mò ń bẹ̀rù rẹ̀, pé èmi tí mo fún un náà ni mo ní kó jáde. Kí adájọ́ ka méjèèjì."

"A lè pàdánù ẹjọ́ yìí o."

"Mo gbọ́."

Adéníran fi bébà tuntun sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó parí, Hùmúàní tẹ̀ka sí i.

"Ọjọ́ wo ni akódà kóòtù máa mú ìwé yìí dé ilé?"

"Ọjọ́bọ̀. Ẹ má sí nílé lọ́jọ́ náà, Màmá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí."

"Mo máa wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀wé," ni Hùmúàní wí. "Nojeem ló máa ń ka ìwé fún mi láti kékeré rẹ̀. Òun náà ló máa ka èyí."