Àjèjì Lẹ́nu Ìyá Láyíwọlá

"Ṣé kò sí ẹlòmíì níbí ni? Mi ò fẹ́ àjèjì lẹ́nu mi."

Bí ìyá Láyíwọlá ṣe kí Adéfúnmiláyọ̀ nìyẹn. Kò jókòó. Ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó bọ́ sáàárín olè, ó sì ń wo àga gígùn tó wà nínú kílíníkì eyín kékeré náà ní Yábà bíi pé pósí ni.

"Dókítà ò wá lónìí, mà," ni Fúnmi dáhùn. "Èmi ni mo máa ń fọ eyín níbí."

"Mo mọ̀. Ìdí tí ọmọ mi fi wọ́ mi wá lónìí náà nìyẹn."

Láyíwọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ilẹ̀. Ọdún méjì ni òun àti Fúnmi ti ń fẹ́ra. Ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú Fúnmi: bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, èjí kan á yọ láàárín eyín iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí èjí kì í sábà wà, ọkàn ọmọbìnrin náà á sì yọ́ bí òrí tó wà nínú oòrùn. Sátidé tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti sọ fún gbogbo àdúgbò ní Pápá Àjàó, níbi tó ti ń ránṣọ, pé òun ò ní jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹlẹ́nu.

Òwú ìránṣọ ló gbé e wá. Ogójì ọdún ló ti ń fi eyín iwájú gé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe gé e, eyín mì, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí léèsì oníbàárà.

"Tó o bá ba eyín mi kan jẹ́ pẹ́nrẹ́n," ó ní bó ṣe ń fẹ̀yìn ti àga, "kò sí Sátidé kankan."

Fúnmi wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n yanu. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta ti bo eyín ìsàlẹ̀, èrìgì wú, ó sì pọ́n.

"Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ ní kílíníkì kẹ́yìn, mà?"

"Ṣé o fẹ́ sọ pé mo lẹ́gbin ni? Àràárọ̀ ni mò ń run orín. Ìyá tó bí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ kílíníkì eyín, eyín ẹ̀ sì pé títí tó fi kú."

"Orín dáa, mà. Búrọ́ọ̀ṣì náà dáa. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti le báyìí, kò sí èyí tó lè yọ ọ́ nínú méjèèjì. Abẹ́ èrìgì ló ń wọ̀ lọ, tí á máa jẹ ibi tí eyín ti fìdí múlẹ̀. Ìdí tí tiyín fi ń mì nìyẹn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ ká máa ha á kúrò, kó tó dà báyìí."

"Ìwàásù ni mo wá gbọ́, àbí?"

Fúnmi tan ẹ̀rọ tó fi ń ha eyín. Ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, omi ń ta, ìyá sì tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú, bí ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ. Èérún dúdú ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èyí tó tóbi jù já kúrò láàárín eyín iwájú ìsàlẹ̀, Fúnmi dáwọ́ dúró. Ó tún ibẹ̀ wò.

Ìyá tutọ́, ó fi ahọ́n wá ẹnu rẹ̀ kiri. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ihò wà níbẹ̀. Láyíwọlá, àfẹ́sọ́nà ẹ ti fá eyín mi."

"Kì í ṣe ihò, mà."

"Ahọ́n mi ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí níbẹ̀ láàárọ̀."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé."

"Panu mọ́, gbé báàgì mi. Pe àwọn ẹbí, kí wọ́n má ra èso kankan mọ́."

Inú bí Fúnmi wàyí. Ó da èérún náà sórí òwú funfun, ó sì ki dígí bọ ìyá lọ́wọ́.

"Ohun tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ rèé, mà. Ṣé eyín lèyí? Ẹ wo ohun tó bò mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ta ló wá gbẹ́ ti ọmọ yín?"

Láyíwọlá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó la ẹnu. Èjí méjì ló hàn nínú dígí, ọ̀kan náà ni wọ́n, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló là wọ́n.

Ìyá gbé dígí sílẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Torí èjí yìí ni bàbá ẹ ṣe tẹ̀ lé mi láti ṣọ́ọ̀ṣì délé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mi. Mo rò pé ọjọ́ orí ló dí i."

"Ẹ ò sọ fún mi rí pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú un."

"Kí ni mo fẹ́ sọ nípa ohun tó ti lọ?" Ó gbójú sókè, ó rí i pé Fúnmi ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, kí lò ń rín? Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn ẹ."

Ó dìde, ó gba báàgì rẹ̀.

"Oṣù mẹ́fà lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n kí dókítà wo èyí tó ń mì yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má sì fi gé òwú mọ́."

"Ṣé bó o ṣe máa máa pàṣẹ fún mi nínú ilé mi náà nìyí?"

Fúnmi bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀, kò sì wẹ̀yìn.

"Aago mẹ́wàá la máa dé ilé yín ní Sátidé. Kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró lẹ́nu géètì. Kó o ti di ìyàwó ilé wa kí oṣù mẹ́fà yẹn tó pé. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò fẹ́ àjèjì lẹ́nu mi."