Òǹtẹ̀ Kẹtàdínlógún

Ìyá Oníbèéèrè ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló bí orúkọ náà. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti fáìlì rẹ̀ lábẹ́ apá, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á pa ẹnu dé, ẹni tó fìdí lé àpótí á dìde, ẹni tí kò rí nǹkan ṣe á wá àkísà tí yóò fi nu ẹ̀rọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń rí, kò sì bínú. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀rẹ́ jọ, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹ̀yà ara bàálù ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe. Kì í ṣe odindi bàálù o. Irin àgbékọ́ ni, irin kan báyìí tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ilẹ̀kùn tó ń bo táyà bàálù máa ń kọ́ sí. Ihò méjì ló wà lára rẹ̀. Bí ihò náà bá fi bíńtín fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bíńtín tí ojú lásán kò lè rí, irin á máa mì lójú òfuurufú, á máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan yóò fi já. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ níbẹ̀. Irin ìwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń yẹ ihò kọ̀ọ̀kan wò: tín-ín-rín kan tó gbọ́dọ̀ wọlé, àti èyí tó sanra díẹ̀ tí kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ni yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, òun náà ni yóò sì lu òǹtẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan ṣoṣo tó ni ín.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni ti Bàbá Olóǹtẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi jókòó ti tábìlì ìwọ̀n yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló sì kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ bàbá Ìyá Oníbèéèrè ni wọ́n láti ìgbà èwe, àwọn náà ni wọ́n sì fi irin ìwọ̀n lé e lọ́wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ wọṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kọ “kò dára” sínú ìwé kan. Bàbá yọ ìgò ojú wọn.

“Kí ni kò dára? Níbo lo ti rí i? Ohun tí o rí ni kí o kọ, gbogbo rẹ̀, bó ṣe rí gan-an. Ìwé tí kò sọ tán, irọ́ ló ń pa.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé ipò tó wà yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kúrò nídìí tábìlì ìwọ̀n, tó di ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ gbogbo ẹ̀ka wò. Lọ́dọọdún, kí àwọn olùyẹ̀wò láti ìta tó dé, àwọn ará ilé ní láti kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò láìṣojúsàájú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi palẹ̀ mọ́. Ó ka ìwé ọdún tó kọjá, ó ka ìlànà iṣẹ́ láti orí dé ìdí, ó sì to àwọn ìbéèrè rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá lo fẹ́ lọ yẹ̀ wò? Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé bàtà wọn ló ti gbó!”

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ó kí wọn, ó ṣàlàyé ohun tóun fẹ́ wò fún wọn, Bàbá sì mi orí. “Ọmọ mi, má wojú mi o. Yẹ ibi gbogbo.” Ó yẹ ibi gbogbo lóòótọ́. Kò sí irin ìwọ̀n kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kò sí ìwé àtijọ́ kan lórí tábìlì. Ó wá ní kí wọ́n gbé fáìlì fọ́ọ̀mù wá, ó sì ń kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, tó bá ti ka mẹ́wàá, á fa ọ̀kan yọ, kí ojú rẹ̀ má baà ṣa èyí tó wù ú.

Ìkeje tó fà yọ jẹ́ ti ogójì irin àgbékọ́. Ìwọ̀n pé, òǹtẹ̀ kẹtàdínlógún wà lábẹ́ rẹ̀, ó mọ́ rekete. Ó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta. Ó tún un kà.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Bàbá Olóǹtẹ̀ dúró lápá òsì rẹ̀ níbi sàréè láti aago mẹ́sàn-án, wọ́n di apá rẹ̀ mú, wọn kò sì kúrò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ta ló wá wọn ogójì irin yìí?

“Ṣé kò sí àṣìṣe?” Bàbá ló béèrè.

“Kò sí, Bàbá.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tó gbójú sókè, Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n tẹjú mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó wá àwòrán ìsìnkú jáde nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun ló ṣi ọjọ́ náà mọ̀. Kò wo ojú àwòrán, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wò, níbi tí àbúrò rẹ̀ kọ ọjọ́ sí: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta. Ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Kò sí ará ibi iṣẹ́ mìíràn tó wá síbi ìsìnkú náà. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn tó gba ààyè sí pé Bàbá kò wá síṣẹ́. Bí òun bá pa fáìlì dé, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bí òun bá sì kọ ọ́, ọwọ́ òun ni yóò ba ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́, àti èèyàn kan ṣoṣo tó kù tó ń pè é lọ́mọ. Àmọ́ ogójì irin tí a kò mọ ẹni tó wọ̀n wọ́n ń bẹ níbì kan, bóyá àwọn èèyàn jókòó sókè rẹ̀ nínú bàálù tí wọ́n ń sùn. Ó sunkún, ẹkún gidi.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ti wà nídìí tábìlì. Wọn kò jẹ́ kó béèrè.

“Mo tọrọ ààyè láti wá síbi ìsìnkú, àwọn ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà tó lè yẹ irin àgbékọ́ wò, ẹrù sì gbọ́dọ̀ jáde. Mo wá lu òǹtẹ̀ sí fọ́ọ̀mù òfìfo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá. Mo kọ ọjọ́ kẹrìnlá sí i, mo gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ pé kó máa kọ ìwọ̀n sí i. Mo ní tó bá di ọ̀sán n óò ti dé, n óò sì fọwọ́ ara mi wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó kan àpótí pa.”

“Kí ló dé tí ẹ kò padà?”

Bàbá yọ ìgò ojú wọn. “O dì mí mú.”

“Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ dì mí mú.”

“Ọmọ mi, lẹ́ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ lọ. O ò jẹ́ kí n lọ. Mo sì wo ojú rẹ, mi ò lè já apá mi gbà.” Wọ́n nu ìgò ojú wọn. “Nígbà tí mo fi dé lọ́jọ́ kejì, àpótí ti lọ. Ó yẹ kí n sọ. Mo ní n óò sọ lọ́la. Ọ̀la náà ló di oṣù mẹ́rin yìí.”

“Bàbá, tí mo bá kọ ọ́ ńkọ́?”

“Tí o kò bá kọ ọ́, ta wá ni mo kọ́ níṣẹ́?”

Ó kọ ọ́. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà, ó sì ní kí wọ́n gbé ìyókù àyẹ̀wò fún ẹlòmíràn, torí òun ti di ẹlẹ́rìí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti pe àwọn tó ra irin náà. Nọ́ńbà ara irin ni wọ́n fi tọpa rẹ̀. Méjìlá ti wà lára bàálù, wọ́n sì dá àwọn bàálù náà dúró sílẹ̀. Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n ti òǹtẹ̀ náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo ogójì pé padà. Ẹlòmíràn ló wọ̀n wọ́n, Ìyá Oníbèéèrè sì dúró lókèèrè. Irin ìwọ̀n tó sanra, èyí tí kò gbọdọ̀ wọlé, kọ̀, ó kọ̀, ó kọ̀. Nígbà tó kan ìkẹtàlélógún, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ara bàálù ni wọ́n ti tú ìyẹn. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń fò.

Ìyá Oníbèéèrè gbé ìwé àbájáde tó kọ wá fún Bàbá kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bàbá kà á tán, wọ́n padà sí ibi tí a ń kọ ẹ̀rí sí, wọ́n sì kà á sókè: “Ẹni tó ni òǹtẹ̀ kẹtàdínlógún kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wà níbi ìsìnkú bàbá olùyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹ́ padà síbi iṣẹ́, olùyẹ̀wò di apá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ. Ẹ wo àwòrán.”

Wọ́n ṣí ewé kejì. Àwòrán náà wà níbẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Nínú rẹ̀, ọwọ́ Bàbá rọ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka ọwọ́ Ìyá Oníbèéèrè ló fún apá aṣọ wọn pinpin.

“Kò sẹ́ni tó ní kí o kọ ìdajì tìrẹ yìí,” ni Bàbá wí.

“Ohun tí mo rí ni, Bàbá.”

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò àyà wọn, níbi tí òǹtẹ̀ máa ń wà. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyá Oníbèéèrè na bírò tirẹ̀ sí wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì rọra kọ orúkọ wọn.