Igi Obì Etí Ìsun

Ní káńpù Fọláyan, abúlé oko kòkó kan nínú igbó Ìdànrè, àlejò kò gbọdọ̀ gbin igi. Ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin ata àti ilá, kódà kó kọ ebè iṣu bí apá rẹ̀ bá ká a, nítorí àwọn yẹn kì í pẹ́ nílẹ̀ tí wọ́n fi ń kúrò. Ṣùgbọ́n obì, ọsàn, ọ̀pẹ àti kòkó, onílẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n, tàbí kó ní kí wọ́n bá òun gbìn wọ́n. Ẹni tí igi rẹ̀ bá ta gbòǹgbò sílẹ̀, òun náà ti ta gbòǹgbò nìyẹn, bó bá dọ̀la, ó lè ní ibẹ̀ di tòun. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí síbì kankan, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Mùjídàt mọ̀ ọ́n dunjú. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì tún lọ gbin obì. Àbí kí lẹ fẹ́ ká wí?

Wàsíù ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti Ìwó nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó ní ọdún mẹ́ta péré ni àwọn ó lò, àwọn ó rí owó kòkó kó délé, àwọn ó sì kọ́lé. Ọdún mẹ́ta yẹn ti di ogún ọdún ó lé, ilé náà kò sì kúrò lẹ́nu. Wàsíù ló ń roko, tó ń já kòkó, Mùjídàt ló ń fọ́ ọ, tó ń sá a. Bí wọ́n bá tà á tán, wọ́n á pín owó rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, Bàbá Fọláyan tó loko, tó ń gbé ní Odòde, á mú ìdá méjì, tọkọtaya á mú èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Ẹ̀bìrà tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Ìgèdè tó wá láti Bẹ́núé. Happiness, ọ̀rẹ́ Mùjídàt, Ìgèdè ni, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ti ẹlòmíì tí wọ́n bí sí Ìwó lọ. Ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti ọ̀nà Ofosu, bí òjò bá sì ti rọ̀, ọlọ́kadà á ní òun ò lọ mọ́. Ìjọba ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ àfi bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìsun kan wà lẹ́yìn káńpù náà, omi rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà ni ewúrẹ́ ti ń mu. Lọ́dún kan, ìgbẹ́ gbuuru wọ káńpù, ó mú àwọn ọmọdé lọ, àbígbẹ̀yìn Mùjídàt wà nínú wọn. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ náà, bí Wàsíù bá ti sọ pé àwọn ń lọ sílé, Mùjídàt kì í dá a lóhùn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ kan dé láti Àkúrẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ti wá rí, kì í ṣe pé wọn ò wá. Wọ́n á gbé àpò ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n á so aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí kọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó di gbére. Àwọn ti Àkúrẹ́ yìí kò gbé nǹkan kan dání. Olúwatóyọ̀sí, ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn, sọ pé ọdún mẹ́wàá ni àwọn máa lò pẹ̀lú wọn. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín sí i. Odindi ọdún kan ló fi ń wá tó ń jókòó tì wọ́n, tó ń bi wọ́n pé kí ló ń ni wọ́n lára jù, títí tí wọ́n fi ń pè é ní Àǹtí Tóyọ̀sí. Ẹnu wọn sì kò lórí ọ̀rọ̀ méjì: omi mímọ́, àti ilé ìwé, nítorí ọmọ wọn kan kò lè kàwé àfi tó bá fẹsẹ̀ rin dé etí títì.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Fọláyan ní Odòde, nítorí kò sí ohun tẹ́nìkan lè fi sí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Bàbá gbà kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí ìsun ká, kí wọ́n sì fi páìpù sí i. Nígbà tí Àǹtí Tóyọ̀sí ní ó yẹ kí igi wà níbẹ̀ kí ìsun má baà gbẹ, bàbá gbà pẹ̀lú. Ó ní igi igbó ni kí wọ́n gbìn o, afàrà àti ìdígbò, òun ló sì ni pákó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dàgbà. Ti ilé ìwé, ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Òun fẹ́ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe máa ṣe ìsun náà, kí òun tó jẹ́ kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù wọ ilẹ̀ bàbá òun.

Àwọn obìnrin ló gbin igi náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbìn ín ni Mùjídàt mú ọ̀dọ́ igi obì kan jáde nínú abọ́, èyí tó ti gbìn pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó gbìn ín sáàárín àwọn afàrà, ó fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Happiness rí i. Ó wò ó lójú, ó mójú kúrò.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Obì náà rí omi mu, ó yára ga ju gbogbo igi tó yí i ká lọ. Òjò ọdún kejì ni Adétáyọ̀, ọmọ Bàbá Fọláyan, wá wo kòkó, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó yà síbi ìsun. Ó mu omi tán kó tó rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gun ọ̀kadà rẹ̀ padà sí Odòde, ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ àwọn mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìròyìn dé káńpù kí ilẹ̀ tó ṣú pé bàbá ń bọ̀. Àǹtí Tóyọ̀sí ní bí bàbá bá gba àṣẹ rẹ̀ padà, àwọn ò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Inú bí gbogbo èèyàn sí Mùjídàt. Àwọn kan ní kò sóhun tó kàn àwọn nínú ọ̀rọ̀ obì, omi àti ilé ìwé ni àwọn béèrè fún. Mùjídàt kò bá wọn jiyàn. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í, nítorí ọmọ àwọn yẹn náà ti kú bíi tirẹ̀.

Bàbá Fọláyan dé, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì ìsun, ó béèrè ẹni tó gbin obì. Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti gbọ́ ọ tipẹ́. Happiness sáré ní bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ ló ju ọmọ obì síbẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ bojú wò ó.

“Èmi ni, Bàbá,” Mùjídàt kúnlẹ̀. “Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ yín, igi yín ni mò ń tọ́jú. Mo fẹ́ kí ọ̀kan mọ̀ mí ni.”

Bàbá ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú u. Mùjídàt fi àdá wa ìdí rẹ̀, ó fà á, ó fà á, olórí gbòǹgbò já sínú ilẹ̀, igi jáde. Bàbá gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò mìíràn sí òdìkejì ìsun, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Ó ní igi òun ni báyìí, kò síjà. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun á padà wá wò ó, ọjọ́ náà ni òun á sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Èèyàn tí kò bá lè tọ́jú igi kan, kí ló fẹ́ fi ilé ìwé ṣe?

Ọ̀rọ̀ wá dorí igi. Ọyẹ́ dé, ewé obì náà pọ́n, ó ń re lọ́kọ̀ọ̀kan. Mùjídàt fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Láàárọ̀, á bomi rin ín. Nírọ̀lẹ́, á tún bomi rin ín. Igi tó jẹ́ tirẹ̀ kò gba wàhálà rí, èyí tó ti di ti onílẹ̀ ló ń gba gbogbo agbára rẹ̀. Kò sì ráyè bínú, nítorí káńpù ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tó kù ọ̀pá gbígbẹ lásán, Wàsíù lọ sí ọjà Ọ̀wẹnà, ó ra ọ̀dọ́ igi obì tó ga tó bẹ́ẹ̀, ó gbé e bọ̀ nínú ọ̀rá. Ó ní kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀, ojú bàbá ò kúkú ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mùjídàt ní ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ ló jẹ èyí tí Wàsíù rà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Bàbá Fọláyan dé, Adétáyọ̀ dì í mú lápá. Gbogbo káńpù péjọ, Àǹtí Tóyọ̀sí náà wà níbẹ̀. Bàbá fi ọ̀pá ìtilẹ̀ kan igi rẹ̀, igi ṣẹ́. Adétáyọ̀ ní àbí òun ò sọ pé wọn ò lè tọ́jú rẹ̀. Inú Mùjídàt bà jẹ́ débi tí omi ò lè jáde lójú rẹ̀.

Bàbá yí padà kó máa lọ. Ọ̀nà tó gbà kọjá ni ojú ihò àtijọ́, níbi tí Mùjídàt ti kọ́kọ́ gbin obì. Ó dúró. Ọ̀mùnú kan ti yọ níbẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, láti ara gbòǹgbò tó já sínú ilẹ̀.

“Èyí ńkọ́?” bàbá béèrè.

“Mi ò gbìn ín, Bàbá, mi ò sì bomi rin ín,” Mùjídàt dáhùn. “Mo rí i nínú ọyẹ́. Mi ò kàn lè fà á tu ni.”

“Èmi náà ò gbìn ín,” bàbá ní. “Èyí tí mo gbìn ti kú.”

Adétáyọ̀ ní ohun tó bá lalẹ̀ hù, onílẹ̀ ló ni ín, àwọn bàbá àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ilẹ̀ ni tiwa,” bàbá dá a lóhùn. “Ṣé ilẹ̀ tiwa ló jẹ́ kí gbogbo ọyẹ́ yìí má pa á? Omi ló mú un yè. Ẹni tó bá ń pọn omi níbí ni kó máa jẹ obì rẹ̀.”

Ó ń lọ, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi ilẹ̀ títẹ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní ẹni tó dá irú igi yìí sí mọ ìtọ́jú, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ ilé ìwé wọn sí, kí wọ́n má ba kòkó òun jẹ́ o. Àwọn obìnrin gbé orin sẹ́nu. Inú Mùjídàt dùn, irọ́ ni téèyàn bá ní kò dùn, ṣùgbọ́n ó tún dùn ún díẹ̀. Igi tó fẹ́ kó jẹ́ tòun nìkan ti di ti gbogbo ayé. Happiness ló fà á lọ́wọ́ kó wá jó.

Ilé ìwé náà ti ní òrùlé báyìí. Àǹtí Tóyọ̀sí ṣì ń wá, ọdún mẹ́wàá rẹ̀ kò tíì pé. Obì náà ò tíì so, wọ́n ní kì í yá. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí, Mùjídàt ló máa ń kọ́kọ́ gbé garawa dé ìsun.