Wúyẹ́wúyẹ́ Inú Ọkọ̀

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń ṣe bí ẹni tó ń nu awò tí mo fi ń ríran lábẹ́ omi, igun ojú ni mo fi ń wò wọ́n. Rusmina ìyàwó mi, ìyá Nurli ọmọ wa, tẹ̀ síwájú, Lahudi àbúrò mi tó jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì na ọrùn sí i — wúyẹ́wúyẹ́, wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnu ń lọ, ohùn ò jáde. Níṣojú mi!

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi mi ni. Kí ló tún kù? Wọ́n fẹ́ gba ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lánàá, nídìí ẹja àti kasuami, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, ìwọ̀nba tí mo rí gbọ́ nínú ohun tí Lahudi ń sọ fún Rusmina ni: “Ẹ má tíì sọ fún wọn, Ìyá Nurli. Ọkàn wọn á bàjẹ́.” Kí ni wọn ò tíì sọ fún mi? Mo bi Rusmina. Ó mi orí, ó bu ẹja sí i fún mi. Ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ fi pa mí lẹ́nu mọ́?

Ẹ́ńjìnnì yìí gan-an… tó máa ń jí gbogbo erékùṣù. Láti ọjọ́ tí Lahudi ti tú u, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Kí ló yọ nínú ẹ̀? Ta ló tà á fún? Tá a bá padà sílé lónìí, á kó ẹrù ẹ̀ jáde nílé mi. Ó ti tó.

Abẹ́ omi nìkan lọkàn mi ti ń balẹ̀. Lórí àpáta iyùn, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Omi ti di tèmi látọjọ́ tí awọ inú etí mi ti ya ní kékeré, bíi ti gbogbo ọmọ Bajo, ẹ̀yà wa tó ń mòòkùn. Bàbá mi nu ẹ̀jẹ̀ tó jáde létí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ó ti ya. Kò ní dùn ọ́ mọ́.” Kò sì dùn mí mọ́ lóòótọ́. Tí wọ́n bá wá gba ọkọ̀, kí ni mo tún jẹ́?

Rusmina yíjú sí mi. Èmi náà ló wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí báyìí. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ gbọọrọ —

Irú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ wo ló ń yọ iṣan lọ́rùn?

Àlejò wa, òyìnbó obìnrin tá à ń gbé lọ wo iyùn, jókòó nítòsí Lahudi. Ó fi ìka méjèèjì di etí. Kí ló ń di etí sí? Mo gbé ọwọ́ lé pákó ọkọ̀. Pákó ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n dé egungun apá mi.

Ẹ́ńjìnnì ń pariwo.

Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́… Wọ́n ń pariwo ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo sí mi. Ohun tí wọn ò tíì sọ fún mi nìyẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Rusmina tún un sọ. Mo ń wo ẹnu ẹ̀ bí mo ṣe ń wo ọwọ́ lábẹ́ omi. Bàbá Nurli, ló ń wí. Bàbá Nurli. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi ìka ṣe òrùka fún un bí a ti ń ṣe lábẹ́ omi: mo ti gbọ́.